Ẹní mólékù lórí góòlù àti àbùkù tó wà lábẹ́ rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Adó-Èkìtì, tí mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yàrá ìwádìí lókè òkun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì àti kẹ́mísírì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá. Wọ́n ń bi mí lórí WhatsApp, wọ́n ń bi mí lẹ́yìn kíláàsì, ẹnì kan tilẹ̀ bi mí nínú mọ́tò tó ń lọ Ìwòròkó, gbogbo èrò sì ń wò wá. Mo kó wọn jọ síbí kí ọ̀fun mi lè sinmi. Àwọn ìdáhùn kan gùn, àwọn kan ò ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Kí ni SAM tí ẹ máa ń sọ yìí gan-an?

Self-assembled monolayer ni wọ́n gé kúrú sí SAM. Ẹní mólékù ni mo ń pè é tí mo bá ń sọ Yorùbá. Ẹ mú góòlù tó mọ́, ẹ rì í sínú ẹtánọ́ọ̀lù tí ẹ ti po táyọ́ọ̀lù díẹ̀ sí. Mólékù gígùn ni táyọ́ọ̀lù: ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù ni ara rẹ̀, imí-ọjọ́ ló wà ní ìdí rẹ̀. Imí-ọjọ́ àti góòlù kì í ríra kí wọ́n má dì mọ́ra. Ìdí mólékù á lẹ̀ mọ́ góòlù, ìrù rẹ̀ á kọjú sókè. Èkejì á wá dúró ti èkíní, ẹ̀kẹta á dúró ti èkejì, títí ojú góòlù á fi kún. Tó bá ti kún, kò sí àyè fún ìpele mìíràn, torí ìdí nìkan ló lè di góòlù mú, ìrù kò lè di ohunkóhun mú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé mólékù ẹyọ kan péré ni nínípọn rẹ̀. Kò sí ẹni tó tò wọ́n, àwọn fúnra wọn ni wọ́n to ara wọn.

Àlàfo bíi 0.5 nanomítà ló wà láàárín mólékù kan àti èkejì. Wọn kì í dúró ṣánṣán, wọ́n máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní bíi dígírì 30, bí ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ lu oko ìrẹsì. Tí ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù wọn bá jẹ́ 16, ẹní náà á nípọn tó bíi nanomítà 2. Irun orí èèyàn lè fẹ̀ tó 80,000 nanomítà. Ẹ máa fi ojú inú wò ó.

Jacob Sagiv ló fi irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí hàn lórí gíláàsì ní 1980. Ralph Nuzzo àti David Allara ló ṣe ti imí-ọjọ́ lórí góòlù ní 1983, ọ̀nà tiwọn yìí sì ni ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀ títí dòní.

Kí ló wá pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ iná?

Ní 1974, Arieh Aviram àti Mark Ratner gbé èrò kan kalẹ̀ lórí ìwé: pé mólékù ẹyọ kan lè ṣe iṣẹ́ dáyóòdù, kí iná gba ọ̀nà kan kọjá, kó má lè gba ọ̀nà kejì padà. Nígbà yẹn kò sí ẹni tó lè di mólékù kan mú kó so wáyà mọ́ ọn lórí mọ́ ọn nídìí. Ẹní mólékù wá mú un rọrùn. Góòlù wà nísàlẹ̀, ẹní wà láàárín, mẹ́táàlì mìíràn wà lókè, a wá fi fólítééjì sí i, a sì wo iye iná tó kọjá. Jọ́ńṣọ̀n là ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ṣé a lè rí nǹkan tó jọ ọ́ nílé, tí a ò ní yàrá ìwádìí?

A lè rí i dáadáa. Ẹ wá abọ́ ńlá tó fẹ̀, ẹ bu omi sí i, ẹ jẹ́ kí omi náà rọlẹ̀. Ẹ wọ́n pọ́dà ìpara fẹ́ẹ́rẹ́ sójú rẹ̀, kó fọ́n káàkiri bí eruku ọyẹ́. Ẹ wá ti orí abẹ́rẹ́ bọ epo ẹ̀pà, ẹ gbọn ọ́n nù títí ó fi kù bíńtín lórí rẹ̀, kí ẹ fi kan àárín omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pọ́dà á sá! Àyè róbótó kan á ṣí láàárín omi, pọ́dà á sì dúró yí i ká bí àwọn tó ń wòran eégún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí epo tó wà lórí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ róbótó tó fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà, tó bá sì tẹ́ títí nínípọn rẹ̀ fi kù sí nanomítà 2, àyè tó máa gbà á fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 20 láti etí dé etí. Epo tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ti gba abọ́ tán. Benjamin Franklin ṣe irú èyí lórí omi adágún kan ní Clapham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1774, ó ní ṣíbí kékeré epo kan mú omi rọlẹ̀ dé bí ìdajì éékà. Agnes Pockels ní Jámánì kò ní yàrá ìwádìí rárá. Ilé ìdáná ló ti wọn irú ìtẹ́ epo bẹ́ẹ̀ lójú omi, lẹ́tà tó kọ sì jáde nínú ìwé ìròyìn *Nature* ní 1891. Mo máa ń fi èyí sí etí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é níwájú kíláàsì, ó kọ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ kan omi, epo dúró sójú kan bí ojú ẹja, pọ́dà ò mira. Àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tó yá ni mo bi ẹni tó gbé abọ́ wá léèrè. Ó ní òun fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó fọ̀ ọ́ lóòótọ́, kò ṣan án tó ni. Ọṣẹ ti gba ojú omi kí epo tó dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ abọ́ yẹn, torí ohun tí màá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàlàyé ni ó fi ìṣẹ́jú kan ṣe: ìdọ̀tí tí ẹ kò rí ló ń pinnu bí mólékù ṣe máa tẹ́.

Kí ni ẹ ń pè ní àbùkù? Ṣé ihò ni?

Ihò wà lára wọn, àmọ́ òun nìkan kọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi oko iṣu ṣàlàyé rẹ̀, torí Èkìtì ni a wà.

Tí ẹni méjì bá bẹ̀rẹ̀ ebè kíkọ láti igun oko méjì, tí kálukú ń tò ó gún régé bó ṣe ń bọ̀, níbi tí wọ́n bá ti pàdé, ebè wọn kò ní bára mu. Èyí tó yẹ kó kọjú sí ìsàlẹ̀ á kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àyè tí kò gba ebè kan á sì ṣẹ́kù láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mólékù ṣe ń ṣe. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ títò lẹ́ẹ̀kan náà lórí góòlù. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gún nínú ara rẹ̀, àmọ́ ààlà tí ọ̀wọ́ méjì ti pàdé máa ń ṣe ṣákiṣàki. Mólékù tó wà níbẹ̀ kò rí ẹni fara tì, ó máa ń wọ́, ó máa ń tẹ̀.

Èyí tí mo sọ yìí jẹ́ àbùkù ẹní fúnra rẹ̀. Irú kejì ni ti ilẹ̀ tí ẹní wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ ebè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ̀ pé ọwọ́ tó mọ ebè kọ́ kò ní kí ilẹ̀ tẹ́jú. Góòlù náà ní òkè àti àfonífojì tirẹ̀. Ó ní àtẹ̀gùn tó ga tó átọ́ọ̀mù kan, bíi 0.24 nanomítà. Hóró góòlù kéékèèké ló para pọ̀ di gbogbo rẹ̀, gọ́tà sì wà láàárín hóró kan àti èkejì. Mólékù tó bá dúró létí àtẹ̀gùn tàbí lẹ́nu gọ́tà kò lè tò bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Irú kẹta ni àlejò tí a kò pè: èròjà afẹ́fẹ́ tó ti kọ́kọ́ bà lé góòlù, táyọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti bà jẹ́, eruku, ọ̀rá ìka ọwọ́.

Àbùkù tó kéré tó báyẹn, kí ló lè bà jẹ́ láàárín mólékù tó pọ̀ tó báyẹn?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tó ń kánjú, ẹ ka ìdáhùn yìí nìkan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹní mólékù yìí kì í ṣe wáyà. Iná kì í ṣàn nínú ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù bí omi ṣe ń ṣàn nínú páìpù. Ńṣe ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yọ́ kọjá nínú rẹ̀, bí ẹni tó gba inú ògiri kọjá láìfọ́ ọ. Àwọn onífísíìsì ń pè é ní tunnelling. Bí ògiri bá ṣe ń nípọn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyọ́kọjá yìí ń le sí i, kì í sì í le díẹ̀díẹ̀. Ní ti ẹ̀wọ̀n táyọ́ọ̀lù lásán, kábọ́ọ̀nù kan tí ẹ bá fi kún un á dín iná kù ní ìlọ́po bíi 2.7. Ẹ fi méjì kún un, ó dín kù ní ìlọ́po 7. Ẹ fi márùn-ún kún un, ó di ìlọ́po 148. Mẹ́wàá, ó lé ní 22,000.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní ẹní yín ní kábọ́ọ̀nù 16, ó gún, ó dára, àyàfi pé ibì kan wà tí mólékù ti ṣubú lé ẹ̀gbẹ́, tí nínípọn ibẹ̀ wá dà bíi kábọ́ọ̀nù 11. Ká ní ibẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹní náà lọ. Ìdá kan yẹn, ní ìlọ́po 148, á gbé iná 148 fún iná 99 tí gbogbo ìyókù gbé. Nínú iná tí mítà yín kà, bíi 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ibi tó bàjẹ́ jáde. Tí ibẹ̀ bá fi kábọ́ọ̀nù 10 fẹ́lẹ́ jù, kò tilẹ̀ ní láti tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ti tó láti gbé ju ìlọ́po méjì ohun tí gbogbo àwọn tó kù gbé.

Jọ́ńṣọ̀n tó fẹ̀ tó maikirómítà 25 ní mólékù tó ju bílíọ̀nù 2 lọ nínú. Ẹ rò pé ohùn bílíọ̀nù 2 lẹ ń gbọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba àwọn tí kò dúró dáadáa ló gba gbohùngbohùn mọ́ wọn lọ́wọ́. Òjò tó bá ń rọ̀ lórí ilé kì í bèèrè bí pánù ṣe nípọn tó, ojú ìṣó kan tó ti dẹ̀ ló ń wá.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n tó dá mólékù lẹ́jọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tó dúró lé.

Góòlù tó ń dán gbinrin bíi dígí, ṣé kò tíì tẹ́jú ni?

Kò tẹ́jú. Ojú wa kò lè rí nanomítà. Góòlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ooru gbé lẹ́ nínú ẹ̀rọ tí kò ní afẹ́fẹ́ máa ń dán débi tí ẹ fi lè fi í di gèlè, síbẹ̀ òkè àti ihò tó jìn tó nanomítà mélòó kan lè wà lójú rẹ̀. Ẹní yín kò nípọn ju nanomítà 2 lọ. Ẹní tó fẹ́lẹ́ ju kókó ilẹ̀ lọ ni, ara ẹni tó bá sùn lé e ló máa sọ.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an torí pé ọlọ́gbọ́n lásán ló lè ronú kàn án. Ẹ ti ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú agolo. Tí ẹ bá dà á jáde, ojú tó wà lókè máa ń ṣe gúlugùlu, àmọ́ ojú tó kan ara agolo á yọ̀ mìnìjọ̀, á dán bí agolo náà ṣe dán. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí góòlù nìyẹn. Ara sílíkọ́ọ̀nù, tó tẹ́jú ju ohunkóhun tí ẹ lè rà lọ́jà, ni wọ́n ń gbé góòlù lẹ́. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì mọ́ ẹ̀yìn góòlù náà, wọ́n á jẹ́ kó gan, wọ́n á wá fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣí i kúrò. Ojú tó kan sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n á lò, ojú òkè tó ń ṣe gúlugùlu ti wọnú gọ́ọ̀mù lọ. Àwọn tó ṣe é sí fàdákà ní 2007 rí i pé ṣákiṣàki ojú rẹ̀ já láti bíi nanomítà 5 sí bíi 1, jọ́ńṣọ̀n wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀tì mọ́.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí: títí dìgbà tí ẹ bá ṣí i, afẹ́fẹ́ kò tíì kan ojú góòlù yẹn rí. Ẹ ṣí i, kí ẹ sì rì í sínú táyọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e kalẹ̀ kí ẹ lọ jẹun.

Mo mọ alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní Adó. Ṣé mo lè ra góòlù lọ́dọ̀ rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí?

Rárá. Góòlù kárátì 18 kò ju 75 nínú ọgọ́rùn-ún góòlù lọ, fàdákà àti bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan dán an, ìlà tó ń fà sí i lára jìn ju ẹní yín lọ ní ìlọ́po lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ẹ ra yẹtí fún ìyàwó yín.

Wọ́n ní mólékù fúnra rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò sínú góòlù. Ṣé òótọ́ ni?

Ihò wà, mólékù ló sì fà á, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe rò ó níbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fi STM, maikirosíkóòpù tó lè fi átọ́ọ̀mù hàn, wo góòlù lẹ́yìn tí ẹní ti tẹ́, ẹ máa rí àmì dúdú kéékèèké bí ojú egbò ṣọ̀pọ̀nná. Jíjìn wọn kò ju átọ́ọ̀mù kan lọ, fífẹ̀ wọn kò ju nanomítà mélòó kan lọ. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé táyọ́ọ̀lù ń jẹ góòlù bí ásíìdì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dùn ún gbọ́. Átọ́ọ̀mù tó wà ní òkè pátápátá lójú góòlù tó mọ́ máa ń há mọ́ra: àyè 22 ni wọ́n ní, àwọn 23 ló fún ara wọn síbẹ̀. Bí imí-ọjọ́ bá ti dé, ìfúnra yẹn á tú, átọ́ọ̀mù tó lé á ní láti jáde. Àwọn átọ́ọ̀mù á ń rìn kiri lójú góòlù, àwọn kan á bá imí-ọjọ́ lọ, àlàfo tó ṣẹ́ kù á sì kó ara wọn jọ di kòtò. Nínú kòtò yẹn, mólékù ṣì tò. Ìṣòro wà létí rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti já. Tí ẹ bá ń mú omi ẹtánọ́ọ̀lù náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà títò, àwọn kòtò kéékèèké á para pọ̀ di ńlá díẹ̀, iye etí á dín kù, ọ̀wọ́ mólékù á sì gbòòrò sí i.

Ẹ kì í sọ̀rọ̀ mẹ́táàlì òkè. Ṣé ìyẹn kò ní wàhálà tirẹ̀?

Ó ní, ó sì pọ̀. Tí ẹ bá gbé góòlù gbígbóná lẹ́ orí ẹní, átọ́ọ̀mù rẹ̀ á gba gbogbo ihò tó bá rí wọlé, á kan góòlù ìsàlẹ̀, jọ́ńṣọ̀n á ṣọ́ọ̀tì. Mẹ́kúrì ni àwọn kan lò, torí olómi ni, kò ní gún ẹní. Àmọ́ mẹ́kúrì ń jẹ góòlù, àwọn tó ń wa góòlù mọ èyí ju àwa lọ. Ihò kan péré, ó ti dénú ilé.

Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí ni EGaIn, gálíọ́ọ̀mù àti ìńdíọ́ọ̀mù tí a pò pọ̀, bíi ìdá mẹ́ta gálíọ́ọ̀mù sí ìdá kan ìńdíọ́ọ̀mù. Kì í dì àyàfi tí òtútù bá wálẹ̀ dé bíi dígírì 15, nítorí náà nínú yàrá wa ní Adó, olómi ni yóò máa jẹ́. Awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bò ó bí awọ orí ògì tó tutù, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kó ya wọnú ihò. Àwọn ará Nẹ́dálándì gba ọ̀nà mìíràn ní 2006. Wọ́n da ike kan tó ń gbé iná sórí ẹní kí wọ́n tó gbé góòlù lé e, ó sì lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún jọ́ńṣọ̀n wọn tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé: ohun tó bo ihò mọ́lẹ̀ kò dí ihò. Ibi tó fẹ́lẹ́ ṣì fẹ́lẹ́.

Ṣé àbùkù ti mú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gidi ṣìnà rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà kan, ariwo gba ìgboro pé mólékù kan lè tan kó sì kú bí suwíìṣì. Ní 2004, àwọn olùwádìí ṣe irú jọ́ńṣọ̀n bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú plátínọ́ọ̀mù nísàlẹ̀ àti títáníọ́ọ̀mù lókè, wọ́n sì fi mólékù lásán, tí kò lè ṣe suwíìṣì kankan, sí àárín rẹ̀. Òun náà tan, òun náà kú. Mẹ́táàlì ló ń ṣe é, mólékù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀, lórí nǹkan tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi lókè òkun, jọ́ńṣọ̀n mi ń ṣọ́ọ̀tì, ó ju ìdajì wọn lọ. Mo dá mólékù lẹ́bi, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún pààrọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ọ̀gá mi gbé góòlù náà sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó pè mí. Ìlà kan là á já láti igun dé igun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún bí ọ̀pá. Ó bi mí pé ọwọ́ wo ni mo fi ń di ẹ̀mú mú. Láti ọjọ́ yẹn, etí ni mo ti ń gbá góòlù mú.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ẹní wa ní àbùkù?

Èyí tó rọrùn jù ni omi. Ẹ ti rí omi lórí ewé kókò, bó ṣe ń ká jọ róbótó tó ń yí gbirigbiri. Ẹní táyọ́ọ̀lù tó dára máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ díẹ̀: etí ẹ̀kán omi á dúró ní bíi dígírì 110 tàbí kó lé díẹ̀. Tí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, nǹkan ti yí. Àmọ́ omi ń wo gbogbo ojú lápapọ̀, kò lè rí ihò abẹ́rẹ́.

Fún ihò, ẹ lo kẹ́mísírì oníná. Ẹ rì í sínú omi tí ferricyanide, iyọ̀ kan tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, wà nínú rẹ̀, ẹ fi fólítééjì lọ bọ̀. Níbi tí ẹní bá ti bo góòlù, iná kò ní kọjá. Ibi tó ṣí ló máa jẹ́wọ́. STM, tí Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ṣe ní 1981 tí wọ́n sì gba Nobel fún ní 1986, lè fi mólékù hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ibi bíńtín ló ń wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè wo ibi mẹ́wàá tó dára kí ihò yín wà níbi kọkànlá.

Ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe ń ṣírò èsì. Ká ní jọ́ńṣọ̀n mẹ́sàn-án gbé iná 1, ẹ̀kẹwàá tó fẹ́ ṣọ́ọ̀tì gbé 10,000. Tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀ kí ẹ pín in sí mẹ́wàá, ẹ máa rí nǹkan bíi 1,001, iye tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó gbé e. Ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kí ẹ mú ti àárín, tàbí kí ẹ lo lọ́gárídìmù kí ẹ tó pín. Èmi kì í ka ìwé tó bá fún mi ní àpapọ̀ lásán kọjá ojú ewé kìíní.

Ṣé ọjọ́ kan wà tí àbùkù wúlò?

Ó wà! Ní 1996, ẹgbẹ́ Paul Weiss àti James Tour ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹní táyọ́ọ̀lù oníkábọ́ọ̀nù 12, wọ́n wá fi mólékù gígùn mìíràn tó ń gbé iná dáadáa sínú omi. Ẹní ti kún, kò sí àyè, àfi etí àtẹ̀gùn àti ààlà ọ̀wọ́. Ibẹ̀ ni àlejò wọ̀ sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, STM sì rí wọn níbi tí wọ́n ti yọ orí. Báyìí ni wọ́n fi lè wọn mólékù ẹyọ kan láàárín ọ̀pọ̀ tí kì í gbé iná. Láìsí àbùkù, iṣẹ́ yẹn kò lè ṣeé ṣe.

Kí la lè ṣe láti dín in kù?

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, mo ti sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ẹtánọ́ọ̀lù tó mọ́ àti táyọ́ọ̀lù tí kò tíì pẹ́ níta, ìwọ̀n mìlímólà 1 ti tó. Ẹ má kánjú. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, mólékù ti bo góòlù, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ṣì ń sùn gbalaja. Wákàtí 12 sí 24 ni wọ́n fi ń dìde tò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń yọ ọ́ lẹ́yìn wákàtí kan torí pé omi ti ń ká jọ lórí rẹ̀. Ẹ fi ẹtánọ́ọ̀lù ṣan án dáadáa tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kí ẹ sì lò ó kíá, torí afẹ́fẹ́ àti ósóònù máa ń ba imí-ọjọ́ ìdí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ní tiwa níbí, ẹ bo gbogbo nǹkan. Eruku kan ṣoṣo tó bọ́ sábẹ́ EGaIn nípọn ju ẹní lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Mo rí i lórí YouTube pé piranha ni wọ́n fi ń fọ góòlù. Ṣé kí n pò ó?

Ẹ má pò ó. Súlífúríkì ásíìdì àti háídírójìn pẹrọ́sáìdì ni. Tó bá kan ẹtánọ́ọ̀lù tàbí ásítóònù tó ṣẹ́ kù nínú ife, ó lè bú gbàmù. Góòlù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúrò lára sílíkọ́ọ̀nù kò tilẹ̀ nílò rẹ̀.

Ṣé mólékù máa wá rọ́pò sílíkọ́ọ̀nù nínú fóònù wa?

Lójú tèmi, rárá, kì í ṣe ní ọjọ́ tí mo lè fojú rí. Fóònù nílò bílíọ̀nù suwíìṣì tí ìkan ò ní kùnà, àwa sì ṣì ń bá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jà. Àmọ́ ẹní mólékù ti wúlò níbòmíràn: nínú ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí àìsàn, àti láti mú kí ojú mẹ́táàlì bá àwọn ohun mìíràn rẹ́. Ohun tí jọ́ńṣọ̀n sì ń kọ́ wa nípa bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń kọjá nínú mólékù tó fún mi láti máa fi ṣiṣẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa ò ní STM, ẹ̀lẹ́kítírísítì gan-an ń ṣe ségesège. Kí ni mo lè ṣe fún pírójẹ́ẹ̀tì mi?

Ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Gwyddion, tí wọ́n fi ń yẹ àwòrán ojú mẹ́táàlì wò, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ yín á sì gbé e. LAMMPS, tí wọ́n fi ń ṣe àfarawé ìrìn mólékù lórí kọ̀ǹpútà, náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè fi to táyọ́ọ̀lù sórí góòlù tó ní àtẹ̀gùn kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń wọ́. Èyí tí mo ṣírò lókè yẹn, ẹ lè fi ìwé àti bírò ṣe é: ẹ yí ìdá àbùkù padà, ẹ yí iye kábọ́ọ̀nù padà, ẹ yà á sórí gíráàfù. Ọmọ kan ní kíláàsì mi ti ṣe é, ó sì rí i fúnra rẹ̀ pé ẹní tó bá gùn jù ni àbùkù ń dá lóró jù, ohun tí èmi kò tíì sọ fún un.

Tí ẹ bá sì fẹ́ fi ọwọ́ kan nǹkan, ẹ rọra ki fóònù mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì kan, ẹ kán omi sí i, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ wọn igun etí omi. Ẹ wá fi ìka ra ìdajì gíláàsì náà, kí ẹ kán omi síbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa.